Ọkọ̀ Àdàkọ àti Ojúlówó: Ìtàn Àwọn Tí Ń Fọwọ́ Ara Wọn Kọ́ Ọkọ̀ Sinimá Nílé

Láàárín àwọn iṣẹ́ ọwọ́ tí sinimá àti tẹlifíṣọ̀n bí ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún ogún, iṣẹ́ kan wà tí àwọn òpìtàn kò fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí, ìyẹn ni iṣẹ́ àwọn ènìyàn tí wọ́n ń ra ọkọ̀ àtijọ́, tí wọ́n ń gbé e wọ gáráàjì ilé wọn, tí wọ́n sì ń fi ọ̀pọ̀ ọdún tún un ṣe títí yóò fi jọ ọkọ̀ kan pàtó tí gbogbo ayé ti rí nínú fíìmù. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àròkọ yìí yóò máa pè ní ọkọ̀ àdàkọ, èyí tí wọ́n sì lò nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù náà ni yóò máa jẹ́ ojúlówó. Ìtàn iṣẹ́ náà fi hàn pé àwọn oníṣẹ́ àdàkọ wọ̀nyí ni wọ́n di olùtọ́jú ìmọ̀ nípa ojúlówó, débi pé nígbà tí ọ̀kan lára àwọn ojúlówó tó lókìkí jù lọ ń bàjẹ́ lọ nínú oòrùn àti òjò, àwọn ni wọ́n ránṣẹ́ pè pé kí wọ́n wá gbà á là. Ọkọ̀ náà ni DeLorean tí wọ́n lò nínú fíìmù Back to the Future ti ọdún 1985, òun ni yóò sì gba apá tó pọ̀ jù nínú àlàyé tó ń bọ̀ yìí.

Nǹkan méjì ló kọ́kọ́ ní láti wà kí irú iṣẹ́ yìí tó lè ṣeé ṣe ní ilé ẹni tí kò ní ilé-iṣẹ́ ńlá. Èkíní ni fáíbàgíláàsì, ìyẹn aṣọ tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì tín-ín-rín hun, tí wọ́n máa ń tẹ́ sínú mọ́ọ̀dù, tí wọ́n á sì fi oje kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní résìnì rin ín títí yóò fi gan. Kí ohun èlò yìí tó dé, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ara ọkọ̀ ní láti ní ẹ̀rọ ńláńlá tí ń tẹ páànù irin, tàbí kí ó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ lílu páànù, ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ Chevrolet fi fáíbàgíláàsì ṣe ara ọkọ̀ Corvette ní ọdún 1953, ó hàn gbangba sí àwọn oníṣẹ́ kéékèèké pé mọ́ọ̀dù kan, garawa résìnì mélòó kan àti sùúrù tó láti bí ara ọkọ̀ tuntun. Èkejì ni àṣà títa ọkọ̀ ní ẹ̀yà-ẹ̀yà kí ẹni tó rà á fúnra rẹ̀ tò ó pọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Colin Chapman tó dá ilé-iṣẹ́ Lotus sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta Lotus Seven lọ́nà yìí ní ọdún 1957, nítorí pé òfin owó orí ọjà ìgbà náà kò ka ọkọ̀ tí wọn kò tíì tò pọ̀ mọ́ ọkọ̀ tuntun. Ní California, Bruce Meyers, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ kíkan ọkọ̀ ojú omi rí, gbé Meyers Manx jáde ní ọdún 1964, èyí tó di ara fáíbàgíláàsì tí wọ́n ń gbé lé orí ṣáásí Volkswagen tí àwọn Yorùbá mọ̀ sí ìjàpá, ṣáásí yìí sì ni egungun ìsàlẹ̀ tó ru gbogbo ọkọ̀. Meyers gbìyànjú láti fi òfin dá àwọn tí ń da iṣẹ́ rẹ̀ kọ dúró, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò dá a láre, àwọn àdàkọ sì pọ̀ ju ojúlówó lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Ìlú Los Angeles ni ìmọ̀ méjèèjì yìí ti pàdé sinimá. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré Batman ní oṣù kìíní ọdún 1966, àkókò tó kù láti fi ṣe ọkọ̀ akọni náà kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, George Barris tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún kò sì lè bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó mú Lincoln Futura, ọkọ̀ àfihàn kan ṣoṣo, ìyẹn irú ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ máa ń ṣe kí àwọn òǹwòran lè rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ká, láìjẹ́ pé ó fẹ́ tà á. Àwọn oníṣẹ́ Ghia ní ìlú Turin ní Ítálì ni wọ́n ti fi ọwọ́ lu ara rẹ̀ jáde fún ilé-iṣẹ́ Ford ní ọdún 1955, ó sì ti bọ́ sọ́wọ́ Barris ní dọ́là 1 péré. Àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ gé irin níbí, wọ́n fà á gùn lọ́hùn-ún, wọ́n kùn ún ní dúdú, wọ́n sì fi ìlà pupa yí i ká, bẹ́ẹ̀ ni Futura ṣe di Batmobile. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ náà lókìkí tán tí wọ́n fi gba mọ́ọ̀dù láti ara rẹ̀, tí wọ́n sì fi mọ́ọ̀dù náà ṣe àwọn àdàkọ fáíbàgíláàsì tí wọ́n ń gbé kiri ibi àfihàn ọkọ̀ ní oríṣiríṣi ìlú, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọdé tó fojú kan Batmobile ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, àdàkọ ni wọ́n rí. Ó yẹ kí òpìtàn ṣàkíyèsí èyí dáadáa: ẹni tó ni ojúlówó ló kọ́kọ́ da ojúlówó kọ. Ojúlówó fúnra rẹ̀ wà lọ́wọ́ Barris títí di oṣù kìíní ọdún 2013, nígbà tí wọ́n tà á ní gbàǹjo ní ìlú Scottsdale ní ìpínlẹ̀ Arizona ní mílíọ̀nù 4.2 dọ́là, láìka owó tí àwọn tó ṣètò gbàǹjo náà gbà lé e.

Sinimá fúnra rẹ̀ kò yéé fi àdàkọ ṣe ojúlówó. Nínú eré Miami Vice tí NBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní ọdún 1984, Ferrari Daytona dúdú tí àwọn òǹwòran ń fẹ́ràn kì í ṣe Ferrari rárá, Corvette tí wọ́n fi fáíbàgíláàsì bò lára ni. Ilé-iṣẹ́ Ferrari bínú sí i, ó pe ẹni tó ṣe àdàkọ náà lẹ́jọ́, nígbà tí ọ̀rọ̀ sì yanjú ní ọdún 1986, wọ́n fọ́ ọkọ̀ dúdú náà túútúú nínú ìtàn eré, Ferrari sì pèsè Testarossa funfun, ojúlówó tirẹ̀, dípò rẹ̀. Ní ọdún 1986 kan náà ni fíìmù Ferris Bueller's Day Off jáde, nínú èyí tí Ferrari 250 GT California kan ti já bọ́ láti òkè ilé sínú igbó. Irú ọkọ̀ náà tí Ferrari ṣe kò ju bí 100 lọ, kò sì sí ẹni tí yóò gbé irú rẹ̀ sílẹ̀ fún fífọ́, nítorí náà àdàkọ fáíbàgíláàsì pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Ford ni wọ́n lò fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ń kọ́ ọkọ̀ Ferris Bueller ní gáráàjì rẹ̀ lónìí, àdàkọ ló ń dà kọ, èyí kò sì dín iṣẹ́ rẹ̀ kù, nítorí pé ohun tí ojú rí nínú fíìmù ló ń lépa.

DeLorean yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí, ìyàtọ̀ náà sì ti inú ìtàn ọkọ̀ náà wá kí sinimá tó mọ̀ ọ́n. John DeLorean, tó ti di ipò ńlá mú ní ilé-iṣẹ́ General Motors kó tó fi ibẹ̀ sílẹ̀, fẹ́ ṣe ọkọ̀ tirẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń wá iṣẹ́ fún àwọn ará Àríwá Ireland nígbà tí ìjà ẹ̀sìn àti òṣèlú gbóná níbẹ̀ sì fún un lówó láti kọ́ ilé-iṣẹ́ sí Dunmurry nítòsí Belfast. Giorgetto Giugiaro ará Ítálì ló ya àwòrán ọkọ̀ náà, ilé-iṣẹ́ Lotus ti Chapman ló ṣètò ṣáásí àti ìṣiṣẹ́ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó wà lẹ́yìn sì jẹ́ èyí tí Peugeot, Renault àti Volvo jọ ṣe. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sókè, ara rẹ̀ sì jẹ́ irin tí kì í dógùn-ún, èyí tí wọn kò kùn ní ọ̀dà kankan, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara fáíbàgíláàsì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ọdún 1981, wọ́n ń tà á ní nǹkan bí 25,000 dọ́là, owó tó pọ̀ fún ọkọ̀ tí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ agbára ẹṣin 130 péré. Ní oṣù kejì ọdún 1982, ilé-iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ń bójú tó ilé-iṣẹ́ tó wọko gbèsè. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n mú DeLorean ní Los Angeles lórí ẹ̀sùn oògùn olóró, ẹ̀sùn tí ilé ẹjọ́ dá a láre lé lórí ní ọdún 1984, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ti kú ná. Nǹkan bí 9,000 ọkọ̀ ni wọ́n ṣe lápapọ̀. Lára àwọn irin ńláńlá tí wọ́n fi ń tẹ páànù ara ọkọ̀ náà lọ sí ìsàlẹ̀ òkun ní etí Ireland, níbi tí àwọn olùsìn ẹja ti fi wọ́n ṣe ìdákọ̀ró fún àwọ̀n wọn, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín fún ẹni tí páànù ọkọ̀ rẹ̀ bá ya, nítorí pé ohun tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà ni gbogbo ayé ṣì ń pín.

Robert Zemeckis àti Bob Gale tí wọ́n kọ Back to the Future kò kọ́kọ́ ronú ọkọ̀. Nínú ìwé eré wọn àkọ́kọ́, fìríìjì ni ohun tó ń gbé ènìyàn lọ sí ìgbà àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà wọ́n pé àwọn ọmọdé lè máa ti ara wọn mọ́ inú fìríìjì nílé, wọ́n sì yí i padà sí ọkọ̀ tó lè sáré. DeLorean ni wọ́n yàn nítorí pé nínú ìtàn náà, ìdílé àgbẹ̀ kan ní ọdún 1955 gbọ́dọ̀ rí i kí wọ́n sì gbà pé ọkọ̀ tó ti ojú ọ̀run wá ni, ilẹ̀kùn tí ń ṣí sókè àti irin tí kò ní ọ̀dà sì mú kí ó rọrùn láti gbà bẹ́ẹ̀. Ron Cobb ló kọ́kọ́ ya àwòrán bí ọkọ̀ náà yóò ṣe rí, Andrew Probert parí rẹ̀, Kevin Pike ni olórí àwọn tó ṣe é, Michael Scheffe, ẹni tó ti ṣe imú àti dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ KITT fún eré Knight Rider ní ọdún 1982, ló sì bójú tó kíkọ́ rẹ̀. Ìtọ́ni tí wọ́n gbà ni pé ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ dà bí ohun tí ọkùnrin kan fi àjákù ẹ̀rọ tò pọ̀ ní gáráàjì ilé rẹ̀, kí ó sì ní ìrísí ewu, nítorí pé Dókítà Emmett Brown inú eré náà kò ní ilé-iṣẹ́, owó rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ ló fi ṣe é.

Nínú gbogbo ọkọ̀ sinimá, bóyá ni èyíkéyìí wà tí ìtàn inú eré àti iṣẹ́ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti bára mu tó báyìí. Ẹni tó ń kọ́ Batmobile ń sa ipá láti dé ibi tí ọwọ́ ọ̀gá onírin ti dé, ó sì ń bo ojú ìsopọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ Dókítà Brown ń ṣe ohun tí Dókítà Brown ṣe gẹ́lẹ́, níbi tó ti ṣe é, pẹ̀lú irú ohun èlò tó fi ṣe é. Wáyà tó hàn síta, bóòtù tí kò jọra wọn, àti ìwé àkọlé tí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tẹ̀ sórí rọ́bà tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, gbogbo wọn ni ẹwà rẹ̀.

Nítorí pé àjákù ni wọ́n fi tò ó, iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún oníṣẹ́ àdàkọ ni láti mọ ohun tí àjákù kọ̀ọ̀kan jẹ́ kí ó tó di ara ọkọ̀. Àwọn tó ṣe ojúlówó ní ọdún 1984 ra ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀yà náà láti ibi tí wọ́n ti ń ta ẹrù àlòkù ọkọ̀ òfurufú àti ẹ̀rọ iná mànàmáná, wọ́n sì tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ojú ṣe fẹ́ ẹ láìronú pé ẹnikẹ́ni yóò béèrè orúkọ wọn lọ́jọ́ iwájú. Àwọn olólùfẹ́ fíìmù náà ló wá béèrè. Ní ìgbà kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n á dá àwòrán dúró lójú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á máa wo ohun tó ń gbọ̀n tó sì ṣú dùdù, wọ́n á fi ìwọ̀n táyà tàbí ilẹ̀kùn tí wọ́n mọ̀ ṣírò ìwọ̀n àpótí tí wọn kò mọ̀. Nígbà tí DVD fíìmù náà àti méjì tó tẹ̀ lé e jáde ní ọdún 2002, ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí kò ṣeé kà tẹ́lẹ̀ hàn, àwọn àwòrán tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ sì tún dé ní ọdún 2010 pẹ̀lú Blu-ray. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ìdérí táyà ọkọ̀ Dodge Polara ti àwọn ọdún 1960 ló wà lórí ìkòkò tí wọ́n ń da èròjà agbára sí lẹ́yìn ọkọ̀, àti pé ohun tí wọ́n pè ní Mr. Fusion ní ìparí fíìmù náà, tí wọ́n ń da ìdọ̀tí ilé sí kó lè di agbára, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ kọfí ni, ti ilé-iṣẹ́ Krups ti Jámánì. Kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ló rí ìdáhùn kíákíá. Bọ́tìnnì kékeré kan tàbí ìdì wáyà kan lè gba àwọn ènìyàn tó wà ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnì kan tó rí irú rẹ̀ nínú ìwé ọjà àtijọ́. Iṣẹ́ ìwádìí gidi ni èyí, ó ní ẹ̀rí, ó ní àríyànjiyàn, ó sì ní àtúnṣe, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àwọn tí ń wa ilẹ̀ láti mọ ìtàn àwọn tó ti kọjá lọ.

Ẹ̀rí nípa ìfarabalẹ̀ tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ ni ọ̀rọ̀ mítà eré, ìyẹn ojú aago tó ń fi bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó hàn. Nínú ìtàn náà, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ sáré dé máìlì 88 ní wákàtí kan kí ó tó lè rékọjá sí ìgbà mìíràn. Ṣùgbọ́n DeLorean tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà kò ní nọ́ḿbà 88 lójú mítà rẹ̀, nítorí pé òfin kan tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 1979 sọ pé mítà eré kò gbọdọ̀ kọjá máìlì 85. Àwọn tó ya fíìmù náà ní láti ṣe mítà èké tó dé 95, oníṣẹ́ àdàkọ tó bá sì fi mítà tó bá ọkọ̀ wá sílẹ̀ ti ṣe ohun tó jẹ́ òótọ́ nípa DeLorean, àmọ́ tó jẹ́ irọ́ nípa fíìmù.

Nígbà tí ìwádìí bá tó, iṣẹ́ ọwọ́ yóò bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni irin tí kì í dógùn-ún ti ń fi ojú oníṣẹ́ rí màbo. Ẹni tó ń tún ara ọkọ̀ mìíràn ṣe lè lu páànù, kí ó fi pọ́tì dí kòtò tó kù, kí ó fọ́n ọ̀dà lé e, kí ojú má sì mọ ibi tí ó ti fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n lára DeLorean, kò sí ọ̀dà tí yóò bo àṣìṣe, ihò tí wọ́n bá sì fi dírìlì lu síbi tí kò yẹ, ihò ni yóò máa jẹ́ títí. Ojú irin náà ní ìlà tín-ín-rín tó dojú kọ ọ̀nà kan ṣoṣo, ibi tó bá ha díẹ̀ ni oníṣẹ́ lè fi kànrìnkàn líle nu lọ́nà tí ìlà náà gbà, ṣùgbọ́n tó bá nu ún ní ìdábùú, àbùkù náà yóò máa tàn lójú oòrùn. Nítorí èyí, àwọn ọlọ́gbọ́n nínú wọn máa ń wá bí wọn yóò ṣe de ẹrù ọkọ̀ náà mọ́ àwọn ihò àti bóòtù tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìbòrí ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ. Wọ́n á kan férémù kan síbẹ̀, wọ́n á gbé àpótí èéfín méjì ńlá lé e, wọ́n á gbé ìkòkò agbára sí àárín wọn, wọ́n á sì fa wáyà nínípọn àti ọ̀já irin yí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ká láti ẹ̀yìn dé iwájú. Gbogbo ẹrù yìí ń wúwo lórí ẹ́ńjìnnì tó ti wà lẹ́yìn tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ wọn lójú títì sì ní láti fún síríńgì ẹ̀yìn lágbára sí i kí ìdí ọkọ̀ má bàa máa wọ́lẹ̀.

Inú ọkọ̀ ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà. Lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ni àtẹ ìlà nọ́ḿbà mẹ́ta wà, tí ti òkè jẹ́ pupa tó ń fi ọjọ́ tí èrò ń lọ hàn, tí ti àárín jẹ́ àwọ̀ ewé tó ń fi ọjọ́ òní hàn, tí ti ìsàlẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ òféèfèé tó ń fi ọjọ́ tó ti kúrò gbẹ̀yìn hàn. Lẹ́yìn àga méjèèjì ni àpótí flux capacitor wà, èyí tí ìtàn náà sọ pé ó jẹ́ ọkàn ẹ̀rọ náà, iná inú rẹ̀ sì ń sáré lójú ọ̀nà mẹ́ta tó pàdé ní àárín bí lẹ́tà Y. Ojúlówó kò ní láti ṣe ju kí ó tàn nígbà tí kámẹ́rà bá kọjú sí i, ṣùgbọ́n àdàkọ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ọmọdé kan bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, èyí sì ni ibi tí àdàkọ ti sábà ń dára ju ojúlówó lọ. Ní ìgbà àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn nọ́ḿbà náà yí padà ní láti mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ dáadáa. Láti ìgbà tí Arduino, kọ̀ǹpútà kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ítálì ní ọdún 2005, ti wọ́pọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń fi ike tẹ ohunkóhun jáde, ẹni tó jẹ́ ríwáyà tàbí akọ̀wé bánkì lè fi ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ ṣe é.

Ìṣòro kan wà tí ọwọ́ kò lè yanjú, tí ìdájọ́ nìkan lè yanjú. Ojúlówó tí oníṣẹ́ àdàkọ ń wò kì í ṣe ẹyọ kan. DeLorean mẹ́ta ni wọ́n lò fún fíìmù àkọ́kọ́, tí wọ́n fi lẹ́tà A, B àti C mọ̀ yàtọ̀: A ni wọ́n ṣe lẹ́wà jù fún àwòrán ìtòsí, B ni wọ́n fi ń sáré tí wọ́n sì fi ń ṣe eré ewu, C ni wọ́n gé kí kámẹ́rà lè wọ inú rẹ̀. Fún fíìmù kejì àti ìkẹta tó jáde ní ọdún 1989 àti 1990, wọ́n tún fi àwọn ọkọ̀ mìíràn kún un, títí kan èyí tí wọ́n fi fáíbàgíláàsì ṣe kí ó lè fúyẹ́ fún ìran tí ọkọ̀ ti ń fò, wọ́n sì ń yọ ẹ̀yà lára ọ̀kan fi sára òmíràn. Wáyà tó wà lápá òsì nínú ìran kan lè má sí níbẹ̀ nínú ìran tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ kọ́ ọkọ̀ náà gẹ́lẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọkọ̀ tó jẹ́ àti ìran tó jẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò to ọkọ̀ kan tí kò sí níbì kankan nínú fíìmù náà pọ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn DeLorean fún ara rẹ̀, tí inú wọn kì í dùn láti rí i pé wọ́n ń sọ ọkọ̀ tó ṣọ̀wọ́n di ẹrù sinimá, ẹ̀rù wọn sì ní ìdí. Eré The Dukes of Hazzard tí CBS gbé jáde láti ọdún 1979 sí 1985 fọ́ Dodge Charger tó ju 200 lọ lórí fífò, àwọn olólùfẹ́ sì tún kun ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù ní àwọ̀ ọsàn láti fi wọ́n ṣe General Lee, títí Charger ọdún 1969 tó wà bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é fi di ohun tí wọ́n ń wá kiri. Ọ̀rọ̀ DeLorean sàn díẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ṣe é pẹ̀lú ọgbọ́n tí ó fi bóòtù de gbogbo rẹ̀ lè tú u padà, àwọn tó ń gé páànù láìnídìí sì ń pàdánù ohun tí kò ní òmíràn.

Òfin pẹ̀lú ní ohun tó sọ nípa iṣẹ́ yìí. Ní California, ọkùnrin kan tó ń ṣe àdàkọ Batmobile fún títà ní nǹkan bí 90,000 dọ́là bá ilé-iṣẹ́ DC Comics pàdé ní ilé ẹjọ́, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 sì ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti àgbègbè náà dájọ́ pé ọkọ̀ lè jẹ́ ẹ̀dá ìtàn bí ènìyàn, bí ó bá ní ìrísí àti ìwà tí kì í yí padà tí gbogbo ènìyàn fi ń dá a mọ̀, àti pé ẹni tó ni ìtàn náà ló ni ẹ̀tọ́ sí ọkọ̀ inú rẹ̀. Ní ọdún 2016, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ náà, ìdájọ́ sì dúró. Ọ̀rọ̀ títà ni ẹjọ́ náà dá lé, kò sì kan ẹni tó ń kọ́ ẹyọ kan fún ara rẹ̀ tààrà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó ń da ẹni tó to ọkọ̀ fúnra rẹ̀ láàmú ju èyí lọ ni àyẹ̀wò tí ìjọba ń ṣe kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó wọ títì, nínú èyí tí irin ṣóńṣó tó yọ síta tó lè gún ẹlẹ́sẹ̀ ti lè mú kí wọ́n dá ọkọ̀ padà.

Ní gbogbo àkókò yìí, ojúlówó A wà ní ọgbà ìgbafẹ́ Universal ní Los Angeles, níbi tí àwọn èrò ti ń wò ó ní gbangba fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oòrùn California bó ohun tó ṣeé bó lára rẹ̀, òjò wọ inú rẹ̀, ọwọ́ àwọn olùbẹ̀wò sì yọ ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí. Àwọn àtúnṣe tó ti ṣẹlẹ̀ sí i láàárín fíìmù kan àti òmíràn, àti lẹ́yìn gbogbo fíìmù, ti jẹ́ kí ó ṣòro láti mọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbà á là, Bob Gale tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ìtàn náà dámọ̀ràn pé kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé àwọn olólùfẹ́ lọ́wọ́, lábẹ́ ìdarí ẹnì kan tó ti kọ́ àdàkọ tirẹ̀. Ìmọ̀ràn tó tọ́ ni. Kò sí ìwé kankan ní ilé-iṣẹ́ fíìmù tó lè sọ ohun tí àwọn olólùfẹ́ wọ̀nyí mọ̀, nítorí pé àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ní ọdún 1984 kò ṣe é kí ó pẹ́, wọ́n ṣe é kí ó parí kí yíya fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà tú ọkọ̀ náà palẹ̀, wọ́n fi èyí tó ṣì dára sílẹ̀, wọ́n sì wá irú ẹ̀yà àtijọ́ kan náà, láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan náà, fún èyí tó ti sọnù tàbí tó ti jẹrà, àwọn ẹ̀yà tí ẹnikẹ́ni kò bá mọ̀ pé òun ni kí wọ́n wá bí kò bá ṣe ti àwọn àwòrán fídíò tí wọ́n ti ń dá dúró láti ìgbà èwe wọn. Wọ́n sì parí iṣẹ́ náà.

Láti ọdún 2016 ni ọkọ̀ náà ti wà ní Petersen Automotive Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ tó wà ní Los Angeles, ní ọdún 2021 sì ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fún àwọn ọkọ̀ tó ní ìtàn, èyí tí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní ibi ìkàwé àpapọ̀ orílẹ̀-èdè náà, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ̀kan ní gáráàjì rẹ̀ ti lè lọ ka bí ojúlówó náà ṣe rí.